Mo Ń Bá Bàbá Ẹlòmíràn Jẹun

Ẹ̀wà ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti kúrò nílé lóòótọ́. Wọ́n gbé e wá fún mi nínú àwo funfun ńlá kan, ó pupa nínú omi tòmátò, ẹyin díndín méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní, ẹ wò ó, àwọn èèyàn yìí náà ń jẹ ẹ̀wà. Mo bu ṣíbí kan sẹ́nu. Ṣúgà! Mo wò yíká, mo rò pé ẹnì kan ló ṣèèṣì da tíì rẹ̀ sí i ní kíṣìnì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó jókòó ní tábìlì kejì ń jẹ tirẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo gbé e mì. Ebi ń pa mí, mo sì ti sanwó.

Ilé ọtí ni mo ti jẹ ẹ̀wà yẹn. Kí n kúkú sọ ọ́ tààrà, torí pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi ní Benin ò gbọ́ ọ rí. Ilé iṣẹ́ kan ló ni ín, irú rẹ̀ sì wà ní gbogbo ìlú tí mo dé ní ilẹ̀ òyìnbó. Kò sí orin níbẹ̀, kò sí ijó. Àwọn arúgbó ló ń kún ibẹ̀ láàárọ̀, àwọn bíríkìlà àtàwọn ìyá ọlọ́mọ lọ́sàn-án. Oúnjẹ wọn pọ́ọ́kú ni. Èèyàn á ra ife kọfí kan, á sì máa dìde lọ bu òmíràn kún un láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ibẹ̀ móoru, ìńtánẹ́ẹ̀tì wọn sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Yàrá tí mo gbà nílé obìnrin kan ní tèmi, omi ló ń sun lára ògiri rẹ̀. Onílé ò fẹ́ ká tan ẹ̀rọ amúlémóoru kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ din ata, ó ṣí gbogbo fèrèsé ilé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó fọwọ́ bo imú. Kò bú mi. Ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé bí yóò ṣe máa rí nìyí?" Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń lọ jẹun nílé ọtí.

Báńkì ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi: òrùlé rẹ̀ ga fíofío, kántà rẹ̀ gùn, ilẹ̀kùn irin gbàǹgbà kan sì wà lẹ́yìn, lọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dúdú. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní kántà báńkì ní New Benin. Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn, mo fọwọ́ kàn án. Obìnrin kan tó ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀ ní, "Ṣé o ti sọnù ni, olólùfẹ́?" Gbogbo èèyàn ni wọ́n ń pè ní olólùfẹ́ níbẹ̀. Mo ní rárá, mi ò sọnù.

Ará Èkìtì ni bàbá mi. Ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ni iṣẹ́ ìjọba gbé e dé Benin, iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ń bá àwọn tó ń la ọ̀nà ṣe. Ó dé, kò padà mọ́. Ó kọ́lé sí Oregbeni, níbi tí èèyàn ti lè dùbúlẹ̀ kó máa gbọ́ bí àwọn tírélà ṣe ń kérora gun Ikpoba Hill. Ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi àti Fúnmi, àbúrò mi obìnrin sí. Ìyá wa ta aṣọ ní Oba Market títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Dádì ò gba èdè mìíràn láàyè nínú ilé. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ ẹran nínú ọbẹ̀ yìí, Yorùbá ni kó fi tọrọ ẹ̀." A ó fi Yorùbá tọrọ ẹran tán, bí a bá ti bọ́ sẹ́nu géètì báyìí, Pidgin ti dé. Òun náà gbọ́ Pidgin dáadáa, ó gbọ́ Edo díẹ̀díẹ̀, òyìnbó rẹ̀ sì já geere.

Nígbà tí báńkì dín òṣìṣẹ́ kù tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn mí, mo wá iṣẹ́ títí ó fi sú mi. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, ilé iṣẹ́ kan nílùú òyìnbó, tó ń wá àwọn tí yóò máa tọ́jú àgbàlagbà, gbà mí. Mi ò ní sọ ti ìwé, mi ò ní sọ ti ọkọ̀ òfurufú. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò nílé ni mo fẹ́ sọ.

Dádì sìn mí dé géètì. Ó gbàdúrà fún mi, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nígbà tó ṣe àmín tán, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ó dáa. Níbo lo wá ń lọ?"

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Mo ní, "Ìlú òyìnbó, Dádì."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìlú òyìnbó."

Fúnmi gbé báàgì mi sínú mọ́tò. Kó tó pa búùtù dé, Dádì tún bi mí: "Níbo lo ní ò ń lọ?"

Èmi àti Fúnmi wo ara wa. Mo ní, "Ọjọ́ orí ni." Òun náà ní, "Ọjọ́ orí ni." Mo wọ mọ́tò.

Kí n má purọ́ fún ara mi. Mo rí ohun tó ń bọ̀. Mo rí i, mo sì wọ mọ́tò.

Iṣẹ́ wa ni pé ká máa ti ilé arúgbó kan bọ́ sí òmíràn: ká wẹ̀ fún wọn, ká fún wọn lóògùn, ká gbé oúnjẹ wọn kaná. Mo ti gbọ́ pé iṣẹ́ ìdọ̀tí ni, nítorí náà ìdọ̀tí ò bà mí lẹ́rù. Orúkọ ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní kí n máa pe ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ní Dẹ́rẹ́kì. Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Mo pè é ní sà, ó ní òun kì í ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá. Nígbà tó yá mo pè é ní Bàbá. Ó bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, Australia ló sì ń gbé. Máa pè mí bẹ́ẹ̀."

Àrùn ìgbàgbé ló ń ṣe Bàbá Dẹ́rẹ́kì. Ọmọ rẹ̀ ṣètò láti Australia pé kí n máa mú un jáde lọ jẹun lọ́sàn-án, lọ́jọ́ Túsìdé àti Tọ́sìdé, níbi tí bàbá àti ìyá òun ti máa ń jẹun kí ìyá tó kú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá náà gbá ọwọ́ mi mú, a rìn díẹ̀, a dúró díẹ̀, ó sì mú mi dé iwájú ilé ọtí tèmi gan-an. Àṣé ibì kan náà ni. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ ti mọ èmi náà lójú nígbà yẹn, wọ́n ń kí wa pọ̀. Ìṣẹ́gun kékeré ni yẹn jẹ́ fún mi. Fún oṣù mẹ́rin ni mo ti ń dá jẹun, tí kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá mo wá tàbí mi ò wá.

Ẹja díndín, ọ̀dùnkún díndín àti ẹ̀wà roboto aláwọ̀ ewé kan ni Bàbá Dẹ́rẹ́kì máa ń jẹ. Mo ń bá a yọ egungun ẹja, mo ń gé e wẹ́wẹ́. Bó bá jẹ ẹ́ dé ìdajì, á ní, "Ta ló máa sanwó?"

"Ọmọ yín ti san án, Bàbá."

"Ọmọ dáadáa ni."

Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, á tún ní, "Ta ló máa sanwó?" Mo lè dáhùn rẹ̀ nígbà mẹ́wàá láàárín oúnjẹ kan, ohùn mi ò ní yí padà. Ọmọ rẹ̀ kọ̀wé sí ọ́fíìsì wa pé òun ò rí onísùúrù irú mi rí. Ọ̀gá wa ka lẹ́tà náà síta, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ilẹ̀. Mo ń rò ó pé Dádì náà ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà nígbà mẹ́wàá ní Oregbeni, Fúnmi nìkan ló sì ń dá a lóhùn.

Lákọ̀ọ́kọ́, ìpè wa máa ń dùn. Ilé ọtí yẹn ni mo ti ń pè wọ́n, torí ìńtánẹ́ẹ̀tì, ojú Dádì á sì kún inú fóònù, torí ó máa ń gbé e súnmọ́ imú jù. Lọ́jọ́ kan ó yọjú wo ẹ̀yìn mi.

"Kí ni gbogbo ìgò yẹn?"

"Ilé oúnjẹ ni, Dádì."

"Ilé oúnjẹ wo ló ń to ìgò bẹ́ẹ̀ yẹn? Fúnmi! Wá wò ó. Bọ̀ọ̀dá rẹ ti di ọlọ́tí."

Fúnmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbé kọfí mi sókè kí Dádì rí i. Ó ní bóyá ọtí ló wà nínú rẹ̀, òun ò lè gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi sùn lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ tí ìpè fi yí padà. Olùkọ́ ni Fúnmi, nílé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ Oregbeni. Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, Dádì ò gbọ́ òyìnbó mọ́."

Mo ní, "Báwo ni ò ṣe gbọ́ ọ?"

"Ó ti lọ lórí rẹ̀ ni. Pásítọ̀ wá kí i, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo àjèjì."

Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, Pidgin tẹ̀ lé e. Yorùbá nìkan ló kù fún un, ìyẹn náà sì ti padà di ti Èkìtì, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ Fúnmi gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ ọ́. Wọ́n á ní, "Grandpa, you don chop?" Á máa wò wọ́n. Èyí àgbà nínú wọn gbìyànjú, ó ní, "Ẹ... ẹ jẹ oúnjẹ?" Dádì fà á mọ́ra, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. Obìnrin tí a gbà láti máa jókòó tì í lọ́sàn-án, ọmọ Edo ni, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Àmọ́ Dádì á ní òun fẹ́ omi, obìnrin náà á lọ gbé fìlà wá fún un.

Dádì wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Á wẹ̀, á wọ ẹ̀wù tí ó fi ń lọ síbi iṣẹ́ láyé àtijọ́, á ní òun ń lọ sí New Benin.

Fúnmi ní, "Ó ní òun fẹ́ lọ mú yín wálé láti báńkì. Ó ní ẹ ti pẹ́ jù."

Mo lọ sí ọ́fíìsì wa, mo tọrọ àyè láti lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Obìnrin tó ń bójú tó ìwé wa fi pẹ̀lẹ́tù dá mi lóhùn. Ó ní mo ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú mi ti fẹ́ parí, wọ́n sì ti kọ̀wé sí ìjọba fún tuntun. Bí mo bá jáde kúrò nílẹ̀ yẹn kí èsì tó dé, bí ẹni pé mo fọwọ́ ara mi fa ìwé náà ya ni.

"Ìgbà wo ni èsì máa dé?"

"Ẹnikẹ́ni ò mọ̀."

Ó ti àwo bísíkíìtì kan sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì. Mo mú ẹyọ kan, torí pé mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Mo sọ fún Fúnmi. Ó wá ní, "Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ máa tọ́jú tiyín níbẹ̀. Èmi á máa tọ́jú tèmi níbí." Kò bínú rárá. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú.

Èèyàn a máa rò pé bí òun bá ń ṣiṣẹ́, tí òun ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé, òun ṣì wà nínú ilé náà. Irọ́ ni. Ilé jẹ́ ti ẹni tó lè gbọ́ nígbà tí géètì bá dún.

Ọjọ́ Tọ́sìdé kan ni fóònù mi dún, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹja Bàbá Dẹ́rẹ́kì wá. Fúnmi ni. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Dádì ò sí nílé."

Obìnrin tó ń jókòó tì í lọ sá aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó máa padà, géètì ti ṣí sílẹ̀. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá ni, aago méjìlá sì ti kọjá. Fúnmi ti sáré kúrò níléèwé, ó ti bi àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó wà ní Ikpoba Hill.

Mo ní, "Lọ wo báńkì ní New Benin."

"Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀. Síkiọ́rítì ní àwọn ò rí ẹnikẹ́ni. Mò ń lọ sí Oba Market, níbi ìsọ̀ màmá, bóyá ibẹ̀ ló lọ."

Ó pa fóònù. Mo wá àwòrán Dádì kan nínú fóònù mi, mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ Èkìtì tó wà ní Benin, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: Ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá nìkan ló gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ kó tó tọ́.

Bàbá Dẹ́rẹ́kì ń wò mí. Ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bàbá mi ti sọnù."

Fọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì bí ìgbà tó jẹ́ pé ọmọ ìyá rẹ̀ ló sọnù. Ó na ọwọ́ kọjá lórí tábìlì, ó di tèmi mú. "Ṣé wọ́n ti pe ọlọ́pàá?" Mo ní àbúrò mi ń wá a kiri. Ó mi orí, ó ń mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ lọ sórí àwo. Ó mú fọ́ọ̀kì, ó jẹun. "Ẹja yìí dáa," ó ní. Ó gbé ojú sókè, ó rí mi. "Kí ló dé tójú rẹ fi rí báyìí?"

Mo tún sọ fún un. Fọ́ọ̀kì tún bọ́. Ó tún di ọwọ́ mi mú. "Ṣé wọ́n ti pe ọlọ́pàá?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló bá mi kẹ́dùn bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà kẹrin mo ní, "Kò sí nǹkan, Bàbá. Ẹ jẹun," torí pé ara mi ò gbà á mọ́.

Mo gé ẹja tó kù. Mo nu ẹnu rẹ̀. Mo mú un délé, mo bọ́ bàtà rẹ̀, mo fún un lóògùn, mo kọ àkókò rẹ̀ sínú ìwé bí òfin ṣe wí. Ní gbogbo àsìkò yẹn, bàbá tèmi ń rìn kiri lábẹ́ oòrùn Benin, ó ń bi àwọn èèyàn léèrè ọ̀nà ní èdè tí wọn ò gbọ́. Mo bẹ ọ́fíìsì pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí ilé tó kù fún mi, wọ́n gbà. Mo padà sílé ọtí. Mo jókòó sí tábìlì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀. Mo ra kọfí, mi ò mu ún. Obìnrin tó ń palẹ̀ àwo mọ́ nu tábìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ojú mi, ó sì lọ.

Fúnmi pè: kò sí ní Oba Market. Ó tún pè: ó ti dé Ring Road, ẹsẹ̀ ń dùn ún, àwọn ọlọ́pàá ní kó mú àwòrán wá. Mo ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Àbúrò mi ni mò ń sọ ọ́ fún, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "ẹ" fún un.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù dún, orúkọ tó jáde lójú rẹ̀ sì ni Mama Osas. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ báńkì wa ní New Benin ni. Ó ti tó ọdún méjì tí a ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

"Bros, na you be dis? Abeg, your papa siddon for our step o. I dey ask am question, e no dey hear me. Na your name e just dey call. I sabi him face, e come that your send-forth."

Mo dìde lórí ìjókòó. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fún un ní fóònù.

"Dádì!"

"Ẹ ǹ lẹ́ o," ni ó ní. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́."

"Dádì, èmi ni."

"Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ọmọ mi? Ọ̀dọ̀ yín níbí ló ti ń ṣiṣẹ́."

Ẹ̀yin. Bàbá mi ń pè mí ní ẹ̀yin. Ó na mí rí, ó gbé mi pọ̀n dé ọsibítù rí, ó gbàdúrà lé mi lórí ní géètì, kò sí ọjọ́ kan tí ó bọ̀wọ̀ fún mi báyẹn rí. Mo fẹ́ ké pé èmi ni ọmọ yín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mò ń ṣe ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́: a kì í bá wọn jiyàn, ẹ̀rù á bà wọ́n.

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ṣé ó ti fẹ́ ṣe tán?"

"Ó kù díẹ̀, sà."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé kó má kánjú. Mo lè dúró."

Mo pe Fúnmi, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹsẹ̀ ni Dádì fi rìn láti Oregbeni, ó ti ṣìnà lọ, ó ti ṣìnà bọ̀, kó tó dé báńkì lẹ́yìn tí Fúnmi ti kúrò níbẹ̀. Bàtà kan ṣoṣo ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mama Osas ti ra búrẹ́dì àti omi fún un, ó jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn. Wọn ò gbọ́ ara wọn, síbẹ̀ wọ́n jọ ń jẹ búrẹ́dì náà. Nígbà tí mo pè é láti dúpẹ́, ó ní, "Wetin you dey thank me for? Papa na papa."

Mo sọkún níbẹ̀, láàárín àwọn tó ń mu bíà. Wọ́n gbójú kúrò lára mi. Ọ̀nà tiwọn láti bọ̀wọ̀ fún èèyàn nìyẹn, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, Bàbá Dẹ́rẹ́kì ṣubú ní bálùwẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni ọmọ rẹ̀ dé láti Australia. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn: wọ́n pè é, ó wọ ọkọ̀ òfurufú, ó dé. Ó ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ jẹun pọ̀. Bàbá Dẹ́rẹ́kì wò ó fún ìgbà pípẹ́ lórí àwo ẹja, ó wá ní, "Ṣé ìwọ nìyí?" Ọmọ náà ní òun ni, ó sì bú sẹ́kún. Èmi ni mo lọ bu kọfí wá kí wọ́n lè rí àyè.

Kó tó lọ, ó bi mí pé, "Ṣé bàbá tìrẹ ṣì wà?"

"Ó wà."

"Ó dájú pé ó ń fi ọ́ yangàn."

Mo ní mo dúpẹ́. Ó mú bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú kan létí òkun. Mi ò rí i mọ́.

Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ìwé mi ò tíì jáde. Fúnmi ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ géètì. Ó rí ìyá àgbàlagbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ará Ọ̀wọ̀, tó ń bá wa jókòó ti Dádì, ó kéré tán Dádì ń rí omi mu nígbà tó bá béèrè omi. Kò jáde mọ́. Èmi ṣì ń jẹun ní ibi tí mo ti ń jẹun. Mo ti jẹ ẹ̀wà oníṣúgà yẹn títí mi ò fi mọ adùn rẹ̀ mọ́, bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní kí ìlú mọ́ èèyàn lára nìyẹn. Lójoojúmọ́ ní aago méjì, bí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, mo ń pe Oregbeni. Dádì gbà pé ọ̀gá ọmọ òun ní báńkì ni mí. Ìyá Ọ̀wọ̀ ní bí fóònù bá ti dún báyìí, Dádì á dìde, á tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó ń ròyìn ọmọ rẹ̀ fún mi: ó ní ọmọ náà mọṣẹ́, ó ní kì í jalè, ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní mo gbọ́, sà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ròyìn ọmọ rẹ̀ tán. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ní bàbá?"

"Mo ní, sà."

"Níbo ló ń gbé?"

Mi ò mọ irọ́ tí mo lè pa. Mo ní, "Oregbeni, sà."

"Oregbeni níbí? Kò mà jìnnà!" Inú rẹ̀ dùn, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. "Bí ẹ bá ṣíwọ́ lónìí, ẹ yà kí i. Bàbá kì í béèrè, ṣùgbọ́n ó ń wo ẹnu ọ̀nà."

Mo ní, "Màá yà, sà."

"Ẹ ṣeun," ni ó ní. "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."